Àwo Mi àti Àwo Vieux Anago

Ìgbà ìkẹyìn tí mo gbọ́ ohùn Bàbá Sakeenah, ọkọ mi, ọ̀rọ̀ àlùbọ́sà la jọ sọ. Ọjọ́ Jímọ̀ ni. Wọ́n ń ti Zone industrielle, àdúgbò àwọn ilé iṣẹ́, bọ̀, wọ́n dúró lẹ́bàá ọ̀nà, wọ́n pè mí lórí fóònù pé obìnrin kan ń ta àlùbọ́sà níbẹ̀, ṣé kí àwọn rà á. Mo ní kí wọ́n rà á. Wọ́n ní ó ti wọ́n jù. Mo ní kí wọ́n fi í sílẹ̀ nígbà náà. Wọ́n ní, "Sèlíátù, ìwọ obìnrin yìí, o ò ní ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lẹ́nu!" Wọ́n pa fóònù. Wọn ò délé mọ́. Ibi tí wọ́n ti ń dúró de ọkọ̀ ni ọkàn wọn ti dúró.

Àmọ̀sù lorúkọ wọn. Páàtì alùpùpù ni wọ́n ń tà lọ́sàn-án, gìtá ni wọ́n ń ta lálẹ́, gìtá iná, ti rọ́ọ̀kì, èyí tó ń ké bí ẹni tí wọ́n tẹ̀ lẹ́sẹ̀. Anago ni àwọn ará Bouaké, ìlú tí à ń gbé, ń pe àwa Yorùbá, wọ́n sì ń pe ọkọ mi ní Vieux Anago, ìyẹn Anago àgbà.

Mo ṣì wà nínú opó, ní ilé wa ní Ahougnansou, nígbà tí Adédayọ̀ dé. Ọmọ Nàìjíríà ni, kò tíì pẹ́ púpọ̀ tó wá síbí, ó ní ṣọ́ọ̀bù tó ti ń tún rédíò àti fóònù ṣe ní Nimbo. Kò sí ohun tí kò mọ̀. Àáfà wa ti ní kí ọkùnrin tí kì í ṣe ẹbí má wọlé bá mi, nítorí náà Adédayọ̀ jókòó sórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà, ó gbé kọ̀ǹpútà sórí itan, èmi jókòó sórí ẹní nínú pálọ̀, aṣọ ìkélé wà láàárín wa.

"Màmá, ẹ kú ìrọ́jú o. Ọlọ́run á tẹ́ bàbá sí afẹ́fẹ́ rere."

"Àmín. Adédayọ̀ ni àbí?"

"Èmi ni, Màmá. Ọ̀rọ̀ tí mo bá yín sọ lórí fóònù ló gbé mi wá. Rédíò fẹ́ gbé orin tuntun tí bàbá ń ṣe lọ́wọ́ sáfẹ́fẹ́ lọ́la, lẹ́yìn ìrun Àsárì. Wọ́n ní bí ẹ ò bá fọwọ́ sí i, àwọn ò ní gbé e. Èmi ni wọ́n ní kí n tún un ṣe. Èmi náà ni màá sì ṣàlàyé iṣẹ́ bàbá fún ayé."

"Fún ayé?"

"Fún ayé, Màmá. Gbogbo àwo wọn, láti orí àkọ́kọ́. Ṣé àwọn àwo náà wà nílé?"

"Wọ́n wà ní ilé ìdáná. Dúró."

Mo dìde, mo lọ kó wọn wá. Mo ń tì wọ́n gba abẹ́ aṣọ ìkélé lọ́kọ̀ọ̀kan: búlúù, aláwọ̀ ewé, olódòdó, pupa.

Mo gbọ́ tó fi ìka kan ọ̀kan nínú wọn.

"Màmá, àwo ìjẹun nìyí."

"Àwo lo ní o fẹ́ rí."

"Àwo orin ni mo ń wí!"

"Mo gbọ́. Wo etí wọn."

"Ẹ̀n-ẹ́n. Nǹkan ti gé e jẹ. Eku ni?"

"Eku tó ń ta gìtá ni. Kí lo rò pé wọ́n fi ń ta okùn rẹ̀? Ike ara àwo mi ni. Ìgbàkígbà tí wọ́n bá fẹ́ ṣe orin tuntun, wọ́n á mú ọ̀bẹ, wọ́n á wọ ilé ìdáná, àwo kan á sì pàdánù etí. Búlúù tó wà níwájú rẹ yẹn, òun ni 'Òjò Nimbo'. Aláwọ̀ ewé, 'Bíréèkì Ò Mú'. Olódòdó, ẹ̀gbọ́n mi ló fún mi lọ́jọ́ yìgì mi, n ò bu ọbẹ̀ sínú rẹ̀ rí, mo ń tọ́jú rẹ̀ de àlejò. Òun ni 'Ọ̀nà Katiola'."

"Pupa ńkọ́?"

"'Ìyá Sakeenah, Má Bínú'."

Ó rẹ́rìn-ín títí àpótí fi ń ké lábẹ́ rẹ̀.

"Màmá, ẹ ò mọ ohun tí ẹ fi lé mi lọ́wọ́! Gbogbo èèyàn ló ń béèrè ohun tó jẹ́ kí gìtá bàbá máa dún gbẹ, bí ẹ̀ka igi tó dá. Mo ti sọ fún wọn ní rédíò pé ìwo màlúù ni."

"Ìwo màlúù?"

"Màlúù funfun. Mo ní láti Korhogo ni wọ́n ti ń kó o wá fún bàbá."

"Ta ló sọ ọ́ fún ọ?"

"Kò sẹ́ni tó sọ ọ́, Màmá. Ó kàn yẹ bẹ́ẹ̀ ni."

"Ó yẹ bẹ́ẹ̀."

"Ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀ ní ìwo màlúù. Ike ò dùn ún gbọ́ létí."

"Ike náà ni wọ́n ti ń gbọ́ láti ọjọ́ yìí, tí wọ́n ń jó sí, tí wọ́n ń ya aṣọ."

Mo gbọ́ tó ń tẹ kọ̀ǹpútà rẹ̀. Ó ń pa màlúù rẹ́ nìyẹn.

"Ó dáa, Màmá. Ike ni. Ṣùgbọ́n èyí tí mo fẹ́ sọ báyìí, ó dá mi lójú. Nínú 'Bíréèkì Ò Mú', gìtá ń bú bí kìnnìún. Bàbá ra ẹ̀rọ kan láti òkè òkun tó ń fún un ní ohùn bẹ́ẹ̀. Mo mọ orúkọ ẹ̀rọ náà. Mo mọ ọdún tí wọ́n ṣe é."

"Sípíkà wọn ló ya."

"Kí ni?"

"Ó ya. Wọ́n gbé e sórí alùpùpù lọ sí Sakassou, ó já bọ́, bébà inú rẹ̀ ya láti òkè dé ìsàlẹ̀. Mo fi abẹ́rẹ́ àti òwú dúdú rán an."

"Ẹ rán sípíkà?"

"Mo mọ aṣọ rán. Wọ́n wá tan iná sí i, wọ́n fọwọ́ kan okùn, ó ní 'gbùúù'. Ojú tì mí. Mo ní, 'Ẹ jẹ́ kí n tú u, kí n tún un rán dáadáa.' Wọ́n ní bí mo bá fọwọ́ kan òwú yẹn, àwọn á kọ̀ mí sílẹ̀."

"Ìyẹn ni pé ohùn kìnnìún yẹn..."

"Ìránkúrán mi ni. Mo ti ń gbàdúrà láti ìgbà náà pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe mọ̀ ọ́n."

"Màmá, ọwọ́ yín wà nínú orin yẹn! Màá dá orúkọ yín mọ́ ọn. 'Gìtá: Vieux Anago. Abẹ́rẹ́: Ìyá Sakeenah.'"

"Bí o bá dán an wò! Gbogbo obìnrin ọjà ló mọ̀ pé aránṣọ ni mí. Kí wọ́n wá máa gbọ́ èyí tí mo bàjẹ́ lórí rédíò?"

"Kò bàjẹ́, Màmá. Ibẹ̀ ló dùn jù."

"Sọ̀rọ̀ míì."

Ó tún ara rẹ̀ tò sórí àpótí. Bí ó ṣe húkọ́ díẹ̀ báyìí, mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ńlá ló ń bọ̀.

"Ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ nípa bí bàbá ṣe ń wọ orin. Bàbá kì í bá àwọn yòókù bẹ̀rẹ̀."

"Rárá. Wọ́n máa ń pẹ́ ni."

"Kì í ṣe pípẹ́, ọgbọ́n ni."

"Ọgbọ́n wo? Lọ́jọ́ yìgì wa, àáfà ti wàásù tán, ìyá mi ti ń sunkún pé wọ́n ti já mi kulẹ̀, wọn ò tíì dé. Wọ́n ní táyà ló jò. N ò rí táyà kankan. Lọ́jọ́ tí mo bí Sakeenah, wọ́n ti wẹ ọmọ, ọmọ ti jẹun, ó ti sùn, kí bàbá rẹ̀ tó wọlé. Bí wọ́n bá ní àwọn ń bọ̀ láàárọ̀, ìwọ gbé oúnjẹ ọ̀sán kaná."

"Ẹ fi kásìkì yìí sórí, Màmá."

"Kásìkì? Àṣíborí alùpùpù? Mo wà nínú opó, ta ló ń gbé mi gun alùpùpù?"

"Kásìkì etí ni! Èyí tí wọ́n fi ń gbọ́ orin."

Ọwọ́ rẹ̀ yọ lábẹ́ aṣọ ìkélé pẹ̀lú nǹkan dúdú méjì bí ìdérí ìkòkò kékeré. Mo gbé e lé orí ìbòrí mi. Gbogbo ilé dákẹ́, orin dé. Òun náà ní tirẹ̀ létí, ó ń pariwo sí mi nítorí ó rò pé n ò gbọ́.

"Ẹ GBỌ́! ONÍLÙ TI WỌLÉ! BÉÈSÌ TI WỌLÉ, ÀLÀMÚ NÌYẸN! OLÓRIN TI Ń KỌRIN! BÀBÁ Ò TÍÌ SÍ NÍBẸ̀!"

"Mo ṣáà ti sọ fún ọ."

"Ẹ DÚRÓ! NÍSINSIN YÌÍ!"

Gìtá wọlé. Ó wọlé bí ẹni tó dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn títí gbogbo àlejò fi rí ibi jókòó sí, tó wá yọjú pé ẹ kú ìjókòó o. Adédayọ̀ dá a dúró. Ó fi òmíràn sí i, láti inú 'Ọ̀nà Katiola'. Onílù, béèsì, olórin. Ibì kan náà ni gìtá ti yọjú. Ó fi ti 'Òjò Nimbo' sí i. Ibẹ̀ náà ni.

Mo yọ etí kan nínú kásìkì.

"Ibì kan náà ni."

"Lórí gbogbo àwo, Màmá. Ẹni tó ń pẹ́ kì í pẹ́ dé ibì kan náà nígbà gbogbo. Wọ́n máa ń jẹ́ kí àwọn yòókù sọ̀rọ̀ tán díẹ̀ ni."

Èyí wọ̀ mí lára. Láti ìgbà tí mo ti fẹ́ wọn, mo ti ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ àwọn olórin lórí pé ọkọ mi ń pẹ́ wọlé.

"Ìyẹn ni pé wọ́n lè tètè dé?"

"Dáadáa."

"Bí wọ́n bá fẹ́?"

"Bí wọ́n bá fẹ́, Màmá."

"Ọjọ́ yìgì wa ńkọ́?"

"N ò lè sọ ti yìgì. Ìyẹn ò sí nínú àwo."

Inú rẹ̀ dùn pé òun ti borí lẹ́ẹ̀kan. Ó ní kí n máa gbọ́ 'Òjò Nimbo' lọ títí yóò fi parí, kí n lè gbọ́ bí òun ṣe fọ̀ ọ́ mọ́. Mo gbọ́ ọ. Ó mọ́ lóòótọ́. Olórin dákẹ́, béèsì dákẹ́, onílù gbá a lẹ́ẹ̀kan ó dákẹ́. Mo jókòó.

"Ó ti parí, Màmá."

"Kò tíì parí."

"Ó ti parí. Ẹ lè bọ́ kásìkì."

"Mò ń dúró."

"Ẹ ń dúró de kí ni?"

"Wọn ò tíì fún mi."

"Fún yín ní kí ni? Gbogbo wọn ti dákẹ́."

"Ìgbà tí gbogbo wọn bá dákẹ́ ni wọ́n máa ń fún wa. Adédayọ̀, ènì dà?"

"Ènì? Màmá, orin nìyí, kì í ṣe ẹ̀wà."

"Ènì orin ni mò ń béèrè. Orin á parí, gìtá nìkan á wá ta díẹ̀ lé e. Díẹ̀ báyìí, ẹ̀kúnwọ́ kan. Ó wà ní ìdí gbogbo orin wọn. Dà?"

Mo gbọ́ tí àpótí ń ké.

"Áà. Ìyẹn."

"Ìyẹn ni."

"Mo gé e."

"O gé kí ni?"

"Mo rò pé àṣìṣe ni. Orin ti parí, mo ní bàbá fẹ́ gbé gìtá kalẹ̀ ni, ọwọ́ wọn wá ṣèèṣì kan okùn."

"Ní ìdí gbogbo orin?"

"Mo ní ọwọ́ wọn ti ń wúwo."

"Láti ìgbà tí wọ́n wà lọ́dọ̀ọ́?"

"Mo ti fọ àwo mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mọ́, Màmá. Tónítóní."

Mo fa aṣọ ìkélé sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Kí Àáfà má bínú. Adédayọ̀ jókòó níbẹ̀ pẹ̀lú kásìkì lórí, àwo olódòdó mi wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó sì ti da èèpo ẹ̀pà sínú rẹ̀.

"Ìwọ ọmọ yìí, níbo ni wọ́n bí ọ sí?"

"Òṣogbo, Màmá."

"Ṣé wọn kì í nájà ní Òṣogbo?"

"Wọ́n ń nájà."

"Bí ìyá rẹ bá ra gàrí, tí ẹlẹ́gàrí wá bu ẹ̀kúnwọ́ kan lé e, ṣé ìyá rẹ á ní ọwọ́ ẹlẹ́gàrí ló ṣèèṣì kan gàrí?"

"Rárá, Màmá."

"Ṣé á gbọ̀n ọ́n dànù?"

"Á ní ó kéré ni. Á ní kó tún bù sí i."

"Nítorí náà, o kì í ṣe ọmọ àjèjì. Kí ló wá ṣe ọ́?"

Ojú rẹ̀ wálẹ̀. Mo jẹ́ kí aṣọ ìkélé padà sáàyè rẹ̀, mo sì jókòó.

"Kò sẹ́ni tó ra nǹkan lọ́wọ́ Bàbá Sakeenah tí kò gba ènì. Ra plọ́ọ̀gì, wọ́n á fi nọ́ọ̀tì kékeré kan lé e. Nọ́ọ̀tì yẹn lè má bá ohunkóhun mu lára alùpùpù rẹ, ìyẹn ò kàn wọ́n. Àwọn ará ìlú á ní, 'Vieux, ẹ ṣeun, kádò ni.' Bàbá Sakeenah á ní rárá, kádò, ìyẹn ẹ̀bùn, lèèyàn ń fún ọ̀rẹ́, ó sì lè má fún un. Ṣùgbọ́n ènì, ẹni tó rajà ló ni ín. Wọ́n ní ẹni tó bá jókòó gbọ́ orin àwọn títí ó fi parí, ó ti rà á nìyẹn. Àwọn ò lè jẹ́ kó lọ lọ́wọ́ òfìfo."

"Ìyẹn ni wọ́n ṣe ń ta á lẹ́yìn tí àwọn yòókù bá ti dákẹ́?"

"Ṣé ìgbà tí wọ́n ṣì ń wọn gàrí lọ́wọ́ ni wọ́n ń fi ènì sí i ni? Onílù bá wọn jà títí. Ó ní òun ti parí orin, ta ló ń tún un ṣí. Àlàmú á ti wọ bàtà, á ti dé ẹnu ọ̀nà, gìtá á tún dún lẹ́yìn rẹ̀, á sì dúró síbẹ̀ lẹ́sẹ̀ kan bí ẹyẹ lékeléke."

"Èmi ni wọ́n sì ní kí n ṣàlàyé bàbá fún ayé."

"Ó ti dànù nìyẹn?"

"Kò dànù! Èmi kì í da nǹkan nù, Màmá. Gbogbo ohun tí mo gé wà nínú kọ̀ǹpútà. Mo kó wọn sójú kan."

"Ojú ibo?"

"Ẹ má bínú sí mi."

"Ojú ibo, Adédayọ̀?"

"Mo pe ibẹ̀ ní Ìdọ̀tí."

"Ọkọ mi lo kó sínú ìdọ̀tí?"

"Orúkọ lásán ni! Màá yí i padà báyìí. Ó ti yí. Ó ti di Ènì."

"Kà á síta."

"Ènì."

"Tún un kà."

"Ènì, Màmá. È, nì."

"Fi í sí i."

Ó fi í sí i. Kò fi orin sí i, kìkì ohun tó gé ló fi sí i, ọ̀kan tẹ̀lé èkejì. Kò sí ìlù, kò sí béèsì, kò sí ẹni tó ń kọrin. Gìtá nìkan ni, díẹ̀, á dákẹ́, á tún dún díẹ̀.

"Ti 'Òjò Nimbo' nìyẹn," mo wí. "Òjò gidi wà lórí páànù lọ́jọ́ náà. Ṣé o gbọ́ ọ?"

"Mo gbọ́ ọ. Ariwo ni mo pè é."

"Èyí gùn. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fà á gùn ni, onílù ti mú wọn bínú."

"Èyí ńkọ́? Ó kéré ju gbogbo wọn lọ."

"Mo ti pè wọ́n wá jẹun."

A ń gbọ́ ọ lọ. Ní òde, ọmọ Òṣogbo ò sọ ohun tó mọ̀ mọ́.

"Kò sí méjì tó jọra, Màmá. Mo ti gbọ́ orin bàbá títí ó fi ń wá bá mi lójú oorun, n ò gbọ́ wọn rí láwọn nìkan."

"Bí wọ́n ṣe máa ń ta á nílé nìyẹn, nígbà tí n ò bá bá wọn sọ̀rọ̀."

"Ẹ máa ń bá wọn sọ̀rọ̀ ṣá?"

"Púpọ̀."

Kíá ló dá ènì kọ̀ọ̀kan padà sí ìdí orin tó ti gé e kúrò. Ó wá ku orin tuntun, èyí tí rédíò ń retí. Méje ni wọ́n, inú ilé ìkẹ́rù kan ní Zone industrielle ni wọ́n ti gbà wọ́n sílẹ̀ nítorí bí ògiri ibẹ̀ ṣe ń dáhùn. Adédayọ̀ ní òun ò tíì gé nǹkan kan níbẹ̀. Mo gbé kásìkì padà sórí. Orin kìíní parí, gìtá fún wa ní tiwa. Èkejì, ó fún wa. Bẹ́ẹ̀ la ń gbà á lọ títí kan ẹ̀kẹfà. Adédayọ̀ ti ń sọ pé "ó ṣeun, bàbá" ní ìdí ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Èkeje parí. Àlàmú dákẹ́, onílù dákẹ́. Mo dúró. Òun náà dúró. Ẹnì kan húkọ́ nínú ilé ìkẹ́rù, ẹnì kan wọ́ àga. Ó tán.

"Ṣé o gé e?"

"Mo fi Ọlọ́run búra, n ò fọwọ́ kàn án."

"Wò ó nínú Ìdọ̀tí."

"Ènì ló ń jẹ́ báyìí, Màmá."

"Wò ó nínú rẹ̀, orúkọ yòówù kó máa jẹ́."

Ó wò ó. Ó tún un wò.

"Kò sí. Áà, Màmá! Àlàmú sọ nǹkan kan fún mi, n ò lóye rẹ̀. Ó ní nígbà tí wọ́n ta orin yìí tán lọ́jọ́ Jímọ̀, bàbá gbé gìtá kalẹ̀, wọ́n ní ọwọ́ ń ro àwọn, kí wọ́n jẹ́ kí ìyókù di Mọ́ńdè. Mo ní, 'Ìyókù kí ni? Orin ti parí.' Mo rò pé Àlàmú ti ń darúgbó."

"Mọ́ńdè."

"Mọ́ńdè ló ní wọ́n wí."

"Sátidé la sin wọ́n."

Alùpùpù kan kọjá lójú pópó. Adédayọ̀ jẹ́ kó lọ tán.

"Kò burú, Màmá. Ẹ fi í lé mi lọ́wọ́. Ènì pọ̀ nílẹ̀, màá mú ọ̀kan nínú 'Ọ̀nà Katiola', màá fi sídìí rẹ̀. Kò sẹ́ni tó máa mọ̀."

"Ẹni tó gbọ́ 'Ọ̀nà Katiola' ló ni ín. O fẹ́ bù ú lọ́wọ́ rẹ̀ fún ẹlòmíì?"

"Kò ní dín lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀dà ni mo máa ṣe."

"Ẹlẹ́gàrí tó bá bu ènì rẹ látinú igbá oníbàárà míì, kí là ń pè é?"

"Olè, Màmá."

"Sọ òmíràn."

"Èmi fúnra mi á ta á. Mo mọ gìtá ta díẹ̀. Mo ti mọ ọwọ́ bàbá báyìí. Bí ẹ bá lè fún mi ní ike díẹ̀ létí àwo olódòdó yìí..."

"Gbé àwo mi wá síbí!"

Mo na ọwọ́ gba abẹ́ aṣọ ìkélé, mo fà á wọlé tòun tèèpo ẹ̀pà.

"Díẹ̀ ni, Màmá. Wọ́n ti gé e tẹ́lẹ̀."

"Ta ló tajà?"

"Bàbá ni."

"Ta ló ń fi ènì sí i?"

"Ẹni tó tajà."

"Bí ẹnì kan tó ń kọjá lọ bá ṣàdédé bu nǹkan lé gàrí tí o rà?"

"Màá bi í pé kí ló fi sí i."

"O rí i."

Ó mí kanlẹ̀.

"Ṣùgbọ́n Màmá, bí a bá gbé e báyìí, kí làwọn èèyàn á wí? Gbogbo ọjọ́ ayé wọn, bàbá ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lọ lọ́wọ́ òfìfo. Ọjọ́ ìkẹyìn ni wọ́n máa wá dà bí ahun? Ẹ sọ fún rédíò pé rárá, kó wà nílé. Kò sẹ́ni tó máa bá yín wí."

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù gan-an nìyẹn, mo rò pé kò mọ̀ ọ́n. Mo da èèpo ẹ̀pà inú àwo sọ́wọ́ kan. Mo nu àwo. Orin méje, bí mo bá ní rárá, méjèèje á wà nínú kọ̀ǹpútà ọmọ yìí ní Nimbo, kò sẹ́ni tó máa gbọ́ ọ. Bí mo bá ní bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n á gbọ́ ìkẹyìn wọn láìpé.

"Gbé e," mo ní.

"Láìsí ènì?"

"Láìsí ènì. Ṣùgbọ́n bí ìkeje bá parí, kí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ní rédíò yẹn pa ẹnu mọ́ díẹ̀. Kó fi àyè ibẹ̀ sílẹ̀."

"Lófìfo?"

"Ẹ̀kúnwọ́ kan."

"Màmá, rédíò kì í dákẹ́! Bí ó bá dákẹ́, gbogbo ará Bouaké á rò pé ẹ̀rọ àwọn ti bàjẹ́. Wọ́n á máa gbá a lẹ́yìn."

"Kí wọ́n máa gbá a."

"Wọ́n á fọ́ ọ! Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, gbogbo wọn ló máa kó rédíò wọn wá sí ṣọ́ọ̀bù mi!"

"Ènì tìrẹ nìyẹn."

Ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun ti gbà, ó ká wáyà rẹ̀, ó kí mi, ó lọ.

Wọ́n gbé e sáfẹ́fẹ́ lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn ìrun Àsárì. Orin méje ni. Orin keje ò ní ènì, ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ní rédíò sì fi àyè rẹ̀ sílẹ̀.